Ṣé ilé amọ̀ á dín owó mi kù sí ìdajì? Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ̀wé sí mi láti Ọ̀fà. Wọ́n ní àwọn ra plọ́ọ̀tì kan sí ọ̀nà Ìdọ̀fìan, àwọn fẹ́ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta síbẹ̀ fún ara wọn àti ìyá wọn, ilé náà á fẹ̀ tó mítà 12 sí 10. Wọ́n ti ń wo fídíò ilé amọ̀ lórí fóònù, àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ amọ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n ń sọ pé ilé ọ̀hún ò ná àwọn ní nǹkan kan. Birikilà wọn ní ti ẹ̀ kàn ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun ò kọ́ṣẹ́ amọ̀, búlọ́ọ̀kù lòun ń tò. Ìbéèrè wọn rèé: "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fi amọ̀ kọ́lé dípò búlọ́ọ̀kù, ṣé owó mi á dín kù sí ìdajì? Kí sì ni kí n ṣọ́ra fún?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó tó ń bọ̀. Rárá, kò ní dín sí ìdajì. Ó lè dín díẹ̀, ó lè má dín rárá, ó tiẹ̀ lè lé sí i tẹ́ ẹ bá ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fídíò yẹn. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ láti bà yín lẹ́rù o, inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí èmi gan-an sí, ní abúlé kan lẹ́yìn Ajàṣẹ́-Ìpo, mo sì ti ń bá àwọn èèyàn ṣírò owó ilé n'Ílọrin ó ti lé lógún ọdún. Mo fẹ́ràn amọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé ilé amọ̀ ò ná òun ní nǹkan kan, ògiri nìkan ló ń wò.

Ẹ jókòó sínú yàrá tẹ́ ẹ wà báyìí kẹ́ ẹ wò yíká. Páànù wà lókè, igi wà lábẹ́ páànù, síléènì wà lábẹ́ igi. Ilẹ̀kùn ńkọ́, fèrèsé ńkọ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, táìsì, wáyà, páìpù omi, sọ́kàwéè, ọ̀dà, fándéṣọ̀n tó wà nísàlẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò rí, gbogbo ẹ̀ ló ń gbowó. Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn, ògiri nìkan ni amọ̀ lè rọ́pò, àti bóyá ilẹ̀ yàrá tẹ́ ẹ bá lè fara dà á. Nínú àwọn ilé oníyàrá mẹ́ta témi ti fọwọ́ ara mi ṣírò, ògiri látorí fándéṣọ̀n títí dé abẹ́ òrùlé kì í sábàà ju ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé lọ. Ká tiẹ̀ wá sọ pé wọ́n fi ògiri yẹn ta yín lọ́rẹ, tẹ́nikẹ́ni ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ìdá mẹ́rin tó kù ṣì ń dúró dè yín lọ́dọ̀ onípáànù àti kafíńtà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ilé tiyín gan-an. Mítà 12 sí 10, tẹ́ ẹ bá wọn ògiri ìta yíká mítà 44 ni, ti inú tó pín yàrá á tó 40, gíga ẹ̀ mítà 3, ẹ yọ ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ó kù bíi sikuéà mítà 220. Búlọ́ọ̀kù onínáìnì-ínṣì, mẹ́wàá ló ń wọ sikuéà mítà kan, ìyẹn búlọ́ọ̀kù 2,200. Tí wọ́n bá ń yọ 30 nínú àpò sìmẹ́ńtì kan (àwọn kan ń yọ 40, búlọ́ọ̀kù yẹn lẹ máa fọwọ́ rún bí àádùn), àpò bíi 73 nìyẹn. Ẹ fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi tò ó kún un, bíi 24, ẹ fi ti pílásítà inú àti ìta kún un, bíi 33. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, àpò 130. Òun ni gbogbo sìmẹ́ńtì tó wà nínú ògiri yín, òun náà sì ni amọ̀ lè gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀, pẹ̀lú yanrìn àti owó birikilà. Ẹ fi iye tí wọ́n bá ń ta àpò kan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń kà á sọ ọ́ di owó, èmi ò kọ iye síbí torí ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 bí àpò kan ṣe fò kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi kí wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fà á wálẹ̀. Owó gidi ni àpò 130, mi ò ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdajì ilé.

Ẹ wá jẹ́ ká wo òdìkejì. Amọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ mọ bíi tàwọn bàbá wa, ògiri ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, ẹsẹ̀ bàtà kan ló kéré jù. Sikuéà mítà 220 lọ́nà ẹsẹ̀ bàtà kan, ìwọ̀n ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 120. Tọ́ọ̀nù o! Ẹnì kan máa gbẹ́ ẹ, ẹnì kan máa pọn omi sí i, ẹnì kan máa tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan máa jù ú sókè fún ẹni tó ń mọ ọ́n. Tí amọ̀ tó dáa bá wà lórí ilẹ̀ yín, ó dáa. Tí kò bá sí, tí típà bá ní láti máa lọ gbé e wá láti ibòmíì, ẹ ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra dísẹ́ẹ̀lì nìyẹn, owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ gbà lọ́wọ́ onísìmẹ́ńtì, onítípà ti gbà á.

Nígbà tí wọ́n ń mọ ilé bàbá bàbá mi, wọ́n ní ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ̀. Èmi ò tíì sí nígbà yẹn, àmọ́ mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi yàrá méjì kún un, ọmọdé ni mí, àwa ọmọdé ni wọ́n ní ká wọnú kòtò amọ̀ ká máa tẹ̀ ẹ́. Amọ̀ tútù yẹn máa ń fa ẹsẹ̀ èèyàn bí ìgbà tẹ́nì kan di yín mú nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ ẹsẹ̀ á dún "pọ̀ọ́". Wọ́n á gé koríko gbígbẹ sí i, àá tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, àá tún padà wá tẹ̀ ẹ́. Bàbá kan tó jẹ́ mọlémọlé láàárín wọn á bu ẹ̀kún ọwọ́ kan, á sọ ọ́ mọ́ ògiri tó ti wà nílẹ̀, tó bá lẹ̀ mọ́ ọn tí kò já bọ́, ó ti yá nìyẹn. Ìpele kọ̀ọ̀kan ò ju ibi orókún àgbàlagbà lọ, wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí ẹ̀, ó di bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí wọ́n tó gbé ìpele míì lé e. Oúnjẹ ni owó iṣẹ́ o, iyán lọ́sàn-án, ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, wàrà fún àwa ọmọdé. Tó bá kan ilé lágbájá lọ́dún tó ń bọ̀, bàbá wa náà á gbé ọkọ́ ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ yẹn ni ilé amọ̀ ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kì í ṣe pé amọ̀ ò gbowó, ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ò san owó fún. Ẹ lọ bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́nà Ìdọ̀fìan lónìí kẹ́ ẹ wo iye tó máa dé. Lébìrà ojúmọ́ ni gbogbo ẹ̀ báyìí, owó ojúmọ́ sì ni, bí òjò rọ̀ bí ò rọ̀. Àwọn òyìnbó inú fídíò yẹn náà, ẹ wò ó dáadáa, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ń tẹ amọ̀ fúnra wọn fún oṣù bíi mélòó kan láìgba owó, wọn ò ka àárẹ̀ wọn mọ́ ìnáwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe naiti l'ọ́sípítù, ta ló máa bá yín tẹ̀ ẹ́?

Fándéṣọ̀n náà tún wà. Ògiri amọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà kan, ìwúwo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti búlọ́ọ̀kù oníhò, nítorí náà ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ yọrí sókè kúrò nílẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì, torí omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń ta láti ilẹ̀ ló ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ lọ wo ilé àtijọ́ èyíkéyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń tín-ín-rín bí ìgbà tí eku ń jẹ ẹ́. Ibi tí Ọlọ́run ti bá wa ṣe é ni pé òkúta pọ̀ ní Kwara yìí, ẹ fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀, ó dínwó ju kọ́ńkéré lọ tó bá jẹ́ pé àpáta wà nítòsí yín. Ẹ má gbàgbé ikán, ẹ fi nǹkan dí ọ̀nà wọn láàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, torí inú amọ̀ ni wọ́n ń gbà gòkè lọ jẹ igi òrùlé láìjẹ́ kẹ́nì kan rí wọn, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa mọ̀, òrùlé ti ń tẹ̀.

Òkè náà ńkọ́? Etí páànù ilé búlọ́ọ̀kù lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ti amọ̀, mẹ́ta ló kéré jù. Nínú ilé tiyín, ẹsẹ̀ bàtà kan tó lé yíká yẹn fi sikuéà mítà 15 kún òrùlé, ká má tíì ka ìdagẹ̀rẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú igi tó máa gbé e dúró. Ṣé ẹ ń rí i bó ṣe ń lọ: ohun tí ògiri yọ kúrò, orí àti ẹsẹ̀ ń gbà á padà.

Ẹ máa wá ní kí la ti ṣe ti búlọ́ọ̀kù ilẹ̀pa tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀, tó ń wọnú ara wọn, tí wọn kì í fi sìmẹ́ńtì tò. Nǹkan tó dáa ni. Kì í ṣe tòní, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ gígùn tí wọ́n ń pè ní CINVA-Ram, Kòlóńbíà ni wọ́n ti ṣe é láàárín ọdún 1950 sí 1960, níbí náà Bàbá Demas Nwoko, ayàwòrán ilé tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Golden Lion níbi àfihàn àwọn ayàwòrán ilé ní Venice lọ́dún 2023, ti po ilẹ̀pa mọ́ sìmẹ́ńtì kọ́lé tipẹ́, ilé yẹn ò sì wó. Àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù. Ẹyọ kan ẹ̀ tó kìlò 12, 36 ló ń wọ sikuéà mítà kan, ilé yín á jẹ bíi 7,920. Tí sìmẹ́ńtì inú ẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, àpò kan á yọ bíi 83, ẹ máa lo àpò 95. Tó bá jẹ́ ìdá 8, àpò kan á yọ 52, ẹ máa lo àpò 152. Ẹ ò rí i, 152 ti ju 130 tá a ṣírò fún búlọ́ọ̀kù onísìmẹ́ńtì àti pílásítà ẹ̀ lọ! Torí oníhò ni búlọ́ọ̀kù yẹn, èyí dì pọ̀. Èrè ẹ̀ wà níbi pé kò gba pílásítà lójú, ó sì yá tò, tí ilẹ̀pa bá wà lórí ilẹ̀ yín tí ẹ̀rọ sì wá bá yín níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá lọ rà á ní ibòmíì kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ gbé e wá, tẹ́ ẹ tún lẹ pílásítà mọ́ ọn nítorí àwọn àlejò, ẹ ti náwó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo jẹ ìyà eléyìí rí. Ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ sọ fún mi pé òun ń yọ 150 nínú àpò kan, inú mi dùn, mo sọ fún ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi pé a ti rí èèyàn. Mi ò jókòó ṣírò ẹ̀, èmi tí mo ń ṣírò fún gbogbo ayé! Sìmẹ́ńtì inú ẹ̀ ò tó ìdá 3 nínú 100. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lónìí ó kó o jọ sójú oòrùn lọ́la, kò bò ó, kò wọ́n omi sí i, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó wà lábẹ́ ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan tó ń mu omi kó sì tó oṣù kan kó tó gbé ẹrù. A tò ó nínú ọyẹ́, ó dúró ketekete, ó rẹwà. Òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, páànù ò tíì dé orí ẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, àwọn ìlà méjì òkè ti di ẹ̀bà. Owó ara mi ni mo fi tún un ṣe, ẹ̀bi mi sì ni. Látìgbà náà, mo máa ń rẹ búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mọ́jú kí n tó san owó. Èyí tó bá fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, mi ò rà á.

Nǹkan kan tún wà tí birikilà máa fẹ́ ṣe fún yín: ó máa fẹ́ lẹ pílásítà sìmẹ́ńtì mọ́ ògiri amọ̀ gbẹrẹfu "kó lè lágbára". Ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Amọ̀ ń wú ó ń sún kì bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí, sìmẹ́ńtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, omi tó bá wọ àárín wọn ò sì rí ọ̀nà jáde. Ọdún méjì mẹ́ta, ẹ máa rí i tó ṣí kúrò lódindi bí èèpo igi. Amọ̀ lẹ fi ń ra amọ̀. Àwọn ará Òkè Ọya máa ń po omi èèpo igbá mọ́ ọn, igi tá a ti ń rí irú yẹn o, makuba ni wọ́n ń pè é, kì í jẹ́ kí omi tètè wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìnáwó pé wọ́n máa ń tún un rá. Mọ́sálásí ńlá Djenné ní Mali, tó lókìkí tó yẹn, ọdọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde wá rá a. Ilé ìyá yín, ta ló máa rá a nígbà tẹ́ ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́?

Ọparun àti koríko, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ jàre. Ọparun tí wọn ò rẹ sínú oògùn, kòkòrò ti kó wọ inú ẹ̀ kó tó pé ọdún mélòó kan, ó dáa fún kí birikilà máa gùn ún ṣiṣẹ́. Koríko bẹẹrẹ tutù lóòótọ́, àmọ́ wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún díẹ̀ díẹ̀, iná sì wà.

Kí lèrè amọ̀ nígbà náà? Ooru. Ẹ̀yin náà mọ oṣù kẹta n'Ílọrin. Ògiri tó nípọn máa ń jẹ́ kí ooru ọ̀sán pẹ́ kó tó wọlé, ẹni tó bá sùn nínú ilé bàbá mi ló mọ̀. Ṣùgbọ́n páànù láìsí àjà, ẹ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, òkè ni ooru á gbà wọlé. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe àjà alámọ̀ nìyẹn. Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, ohun tó ṣe sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ síbẹ̀ lọ́dún 2001 nìyẹn gan-an: búlọ́ọ̀kù amọ̀ tó ní sìmẹ́ńtì díẹ̀, àjà amọ̀, ó wá gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè máa gba àárín wọn kọjá. Wọ́n fún un ní Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé, lọ́dún 2022. Àwọn ará abúlé ló ru òkúta tó sì pọnmi, ẹ ò rí i pé ọ̀wẹ̀ náà ni.

Tó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀yin, ohun tí mo máa ṣe rèé. Mo máa kọ́kọ́ gé ilé yẹn kù. Mítà 12 sí 10 jẹ́ sikuéà mítà 120, 10 sí 9 jẹ́ 90, ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ lára ilẹ̀ ilé, owó á sì dín kù, kì í ṣe lára ògiri nìkan, lára fándéṣọ̀n, páànù, igi, síléènì, táìsì, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí amọ̀ kankan tó lè fún yín ní irú ẹ̀dínwó yẹn. Yàrá mẹ́ta ṣì máa wọ̀ ọ́, kọ́rídọ̀ gígùn yẹn lẹ máa pa rẹ́, kò sẹ́ni tó ń sùn sí kọ́rídọ̀. Lẹ́yìn náà ìpìlẹ̀ olókùúta, búlọ́ọ̀kù ilẹ̀pa ìdá 6 nínú 100 fún ògiri ìta, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí ilẹ̀ yín lójú yín. Ògiri inú tó pín yàrá, ẹ fi bíríkì amọ̀ tí wọ́n sá sóòrùn ṣe é, òjò kì í débẹ̀, kò nílò sìmẹ́ńtì kankan, ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa rí owó yọ. Bálùwẹ̀ àti kíṣínì ni kẹ́ ẹ fi búlọ́ọ̀kù onísìmẹ́ńtì ṣe, ẹ má bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, kí páànù ti dé orí ẹ̀ kí oṣù kẹta tó wọlé. Birikilà yín tó ní òun ò kọ́ṣẹ́ amọ̀, òótọ́ ló sọ, ẹ má fi dandan mú un. Ẹ wá àgbàlagbà mọlémọlé kan ní abúlé tó wà nítòsí kó dúró tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ dé orí ilẹ̀ yẹn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lófù. Ẹ gbẹ́ kòtò kan tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ẹ da yẹ̀pẹ̀ dúdú òkè nù, ẹ bu èyí tó pupa nísàlẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ kó dé ìdajì, ẹ fi omi kún un àti iyọ̀ ṣíbí kan, ẹ mì í dáadáa kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á kọ́kọ́ jókòó sísàlẹ̀, amọ̀ tó kúnná jù á wà lókè ẹ̀. Tí amọ̀ òkè yẹn bá jẹ́ bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tó jókòó, ilẹ̀ yín dáa. Tó bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, á sán, àfi kẹ́ ẹ ra yanrìn pò ó. Tó bá sì jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló wà lókè, yanrìn lẹ rà yẹn, ẹ gbàgbé amọ̀ kẹ́ ẹ máa lo búlọ́ọ̀kù lọ. Ẹ ya fọ́tò ìgò yẹn ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ gbé rúlà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè ka ínṣì ẹ̀.